Kẹrosíìnì Inú Sítóòfù Yín

Yàrá Ẹ̀yìn,
Ọgbà Ilé Iṣẹ́ Bátìrì.
Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹwàá.

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́, ẹ sì kú ìtọ́jú ilé. Inú tó ń run àbígbẹ̀yìn yín ńkọ́, ṣé ó ti dáwọ́ dúró? Ara tèmi le, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ọkọ yín ti ń rí kẹrosíìnì tẹ́ ẹ fi ń dáná?

Ẹ má tíì bínú. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ mi ni kí n yọ òjé tó jẹ́ májèlé kúrò nínú omi ásíìdì bátìrì àlòkù ká tó dà á nù. Kẹrosíìnì tá a po kẹ́míkà kan mọ́ la fi ń yọ ọ́. A máa ń jẹ́ kó léfòó sórí omi méjì tí ògiri pín níyà: omi ìdọ̀tí lápá kan, omi tó máa gba òjé lápá kejì. Òjé á gba inú epo náà kọjá bí ẹni gba orí afárá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a yẹ omi ìdọ̀tí wò, òjé ti tán nínú rẹ̀. Ọ̀gá wa ń pàtẹ́wọ́. Èmi ò bá a pa á. Mo yẹ omi kejì wò, òjé ibẹ̀ náà ò tó nǹkan. Ta wá ló jí i gbé? Àṣé ásíìdì omi kejì ni kò lágbára tó láti já òjé gbà lọ́wọ́ epo. Gbogbo májèlé náà ṣì wà nínú kẹrosíìnì àlòkù tá à ń dà sí àgbá.

Mo lọ bù díẹ̀ wò ní sítọ́ọ̀. Àgbá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ! Ọkọ yín tó ń bójú tó sítọ́ọ̀ sọ pé ooru ló fà á. Ooru wo, Àǹtí mi? Àgbá tí wọ́n dé pa! Mo kọ́kọ́ fura sí ọlọ́dẹ wa, mo tiẹ̀ ń gbóòórùn aṣọ rẹ̀ kiri bí ajá. Ìgbà náà ni mo rántí pé ẹ ní kẹrosíìnì kì í wọ́n yín nílé mọ́.

Mo sọ fún ọkọ yín pé téèyàn bá sun epo yẹn, èéfín rẹ̀ lè gbé òjé wọ ara ọmọdé. Mo rò pé á sáré délé ni. Kò tiẹ̀ bi mí bóyá òótọ́ ni. Ohun tó bi mí ni pé, "Ta lo tún sọ fún?"

Ẹ má tan sítóòfù yẹn mọ́. Ẹ gbé e síta, kẹ́ ẹ gbé ọmọ lọ sí ọsibítù kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Tó bá jẹ́ pé mo parọ́ mọ́ ọkọ yín, màá wá dọ̀bálẹ̀ fún un lójú gbogbo yín.

Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ. Ẹ má tíì bá mi kí bàbá wọn.

Èmi ni àbúrò yín tẹ́ ẹ máa ń pè ní
Ọ̀fíntótó.