Ìwé Kì Í Ṣe Ẹ̀gẹ́

Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́,
Ìlaró.
Oṣù Kọkànlá, 2019.

Ẹ̀gbọ́n mi Lukman ọ̀wọ́n,

Ẹ má bínú pé èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọdún kìíní gbé kálàmù láti bú ẹni tó jù mí lọ ní kíláàsì wa. Bóyá ó yẹ kí n dákẹ́, ṣùgbọ́n mi ò lè gbé e mì. Mo gbàgbọ́ pé ara yín le ní Ìwòyè, àti pé Màmá ṣì ń rí ọ̀nà gbà láti ìgbà tí wọ́n ti ti bodè pa.

Kíláàsì wa ṣe iṣẹ́ kan pọ̀ lórí oko àwọn ará Igbogila. A kó ọ̀rọ̀ àti fọ́tò rẹpẹtẹ sínú fáìlì kan. Dókítà Ọ̀ṣúnkẹ́mi, olùkọ́ wa, ní kó wọ ímeèlì òun kó tó di alẹ́ Jímọ́ọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òdo ni gbogbo wa máa gbà. Mo ti kùnà ìdánwò rẹ̀ àkọ́kọ́. Òdo yìí á lé mi padà sílé.

Ọlájídé ni olórí kíláàsì wa. Ó ń yan bí ẹni pé bàbá rẹ̀ ló ni Ìlaró. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ tuntun, orí rẹ̀ náà tuntun, kò tíì lò ó rí. Fáìlì náà tóbi ju ohun tí ímeèlì lè gbé lọ. Ó ń fi ránṣẹ́, ó ń padà. Ó ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni. Ó tún ní bodè tí wọ́n tì ni, àfi bí ẹni pé ìrẹsì ló dì sínú fáìlì náà.

Mo rọra ní ká gé e sí fáìlì kéékèèké. Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin. “Mẹ̀dínátù, ìwé kì í ṣe ẹ̀gẹ́. Ẹ̀yin ará Ìwòyè, fàyàwọ́ nìkan lẹ mọ̀, kí ẹ máa pín nǹkan wẹ́wẹ́.” Gbogbo kíláàsì fi mí rẹ́rìn-ín.

Ẹ sáà mọ bí Màmá ṣe ń ṣe é. Odindi àpò ìrẹsì kò lè kọjá, ó ń bù ú sínú ọ̀rá kéékèèké, ó ń fi òwú pupa so ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó sì ń kà wọ́n, kó lè mọ̀ bí ọ̀kan bá sọnù. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀ lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ náà, tí òógùn bo Ọlájídé, mo fa kọ̀ǹpútà náà sọ́dọ̀. Mo pín fáìlì náà sí mẹ́rin, mo kọ “ìkíní nínú mẹ́rin” sára àkọ́kọ́, títí dé ìkẹrin. Gbogbo rẹ̀ wọlé.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Dókítà bèèrè ẹni tó pín in. Ọlájídé fò dìde, ó ní òun ni. Dókítà ní kó wá ṣe é lójú gbogbo wa, kí àwa náà lè mọ̀ ọ́n. Ó dúró ti kọ̀ǹpútà bí ewúrẹ́ tí wọ́n ní kó ka kéwú, ó wá ń fojú bẹ̀ mí. Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ ibi tí ẹ̀rù mi gbà lọ. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n Ọlájídé, ẹ rọra gé e. Ẹ ṣe bí ẹni ń gé ẹ̀gẹ́.”

Dókítà wò ó, ó wò mí, ó ní kí n bọ́ síwájú.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹrù Màmá bọ́ sọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè. Iṣẹ́ ọwọ́ tiyín náà kò ní bàjẹ́.

Èmi ni àbúrò yín tí àyà rẹ̀ máa ń já,
Mẹ̀dínátù.

Mo tún rántí: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi lẹ́tà yìí han ẹnikẹ́ni, nítorí ọgbọ́n Màmá wà nínú rẹ̀. Òwú pupa ni mo fi dì í. Bí ó bá dé ọwọ́ yín ní títú, ẹnìkan ti kà á nìyẹn; ẹ sọ fún Màmá kó yí àwọ̀ òwú padà.