Àpótí Ìwé Àwọn Pásítọ̀ Abọ́dúnrìn

                                                  Ilé Bàbá Jímọ̀,
                                                  Lẹ́yìn Ọjà,
                                                  Ìgbòho,
                                                  Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
                                                  Ọjọ́ 18, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Tèmítọ́pẹ́, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ilé ẹ̀kọ́ wọn ń lọ déédéé? Mọ́mì ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti rọ̀ díẹ̀? Kí Ọlọ́run fún wọn ní ìlera. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ọyẹ́ ò tíì fẹ́ lọ. Ètè gbogbo wa ti bó, eruku sì ti kún inú ẹ̀rọ ìránṣọ mi débi pé ó ń ké bí ẹni tí eyín ń dùn. A ń mí, a ń jẹun, a dúpẹ́.

O fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi lánàá pé báwo ni ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún ṣọ́ọ̀ṣì Bàbá Àgbà ṣe lọ, pé ṣé inú Bàbá mi dùn, pé kí n fi fọ́tò ránṣẹ́. O tún wá fi àwòrán ẹni tó ń jó sí ìdí ọ̀rọ̀ náà. Mo wò ó títí, mo da ojú fóònù dé ilẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò ṣeé fi ìka méjì tẹ̀. Mo ra bébà, mo jókòó. Bó bá korò lẹ́nu rẹ, fara dà á, kà á tán, nítorí ọwọ́ rẹ wà níbẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí bàbá rẹ, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn, ò jẹ́ sọ fún ẹ̀yin ọmọ wọn. Mo mọ̀ pé wọ́n sọ fún yín pé àbúrò àwọn ló fúnra rẹ̀ kó ẹrù rẹ̀, tó lọ di Mùsùlùmí sí Ìgbòho, tí kò wẹ̀yìn mọ́. Irọ́ funfun báláú ni. Lílé ni wọ́n lé Bàbá mi. Sámúẹ́lì ni wọ́n ń jẹ́ nígbà náà, wọ́n sì ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Bàbá Àgbà ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Wọ́n rí ìyá mi, Mùyìbátù, wọ́n ní òun làwọn máa fẹ́. Bàbá ìyá mi ní òun ò lè fọmọ fún ẹni tí kì í kírun. Bàbá mi bá kírun, wọ́n sì sọ wọ́n ní Jímọ̀. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Bàbá Àgbà gun àga ìwàásù, wọ́n fi ọmọ bíbí inú wọn ṣe kókó ìwàásù níṣojú gbogbo ìjọ. Bàbá mi wà níbẹ̀. Wọ́n rò pé inú á bí bàbá àwọn, pé á sì rọ̀ tó bá yá. Bí ìwàásù ṣe parí, díákónì méjì mú wọn lápá bí olè, wọ́n tì wọ́n síta. Bàbá rẹ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ pásítọ̀ lọ́wọ́ jókòó níwájú, wọn ò bojú wẹ̀yìn wo àbúrò wọn.

Nígbà tí Bàbá Àgbà kú, Bàbá mi ò dé ibi ìsìnkú. Oko ni wọ́n lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n ń kọ ebè títí ọwọ́ wọn fi bó. Ẹ̀yin ará ibẹ̀ ní ọkàn wọn le. Ẹ sọ ọ́ dáadáa, ó sì dé etígbọ̀ọ́ wa.

Bàbá rẹ gba ipò bàbá wọn, àwọn náà ṣe pásítọ̀ ibẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé. O mọ̀ bí bàbá àti ọmọ ṣe fẹ́ràn ìwé kíkọ tó. Ìwàásù, lẹ́tà, orúkọ àwọn tí wọ́n rì bọmi, ìjà tọkọtaya tí wọ́n parí, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kọ sílẹ̀. Ẹ̀yin kó Mọ́mì lọ sí Àkúrẹ́, ẹ fi ìwé sílẹ̀. Pásítọ̀ tuntun dé, ó ní òun fẹ́ lo yàrá, ó ní kí wọ́n kó àpótí páànù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábẹ́ ọ̀ọ̀dẹ̀. Ewúrẹ́ ń jẹ ìwàásù Àjíǹde bàbá yín, Tèmítọ́pẹ́. Ẹnì kan tó wá ná ọjà Ìgbòho ló ròyìn rẹ̀ fún Bàbá mi. Wọ́n gun ọ̀kadà lọ, wọ́n kó o wálé. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, inú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì dùn pé ìdọ̀tí kúrò nílẹ̀.

Láti ìgbà náà, yàrá Bàbá mi ni àwọn àpótí yẹn wà, lórí búlọ́ọ̀kù, tí wọ́n da kẹrosíìnì yí i ká nítorí ikán. Bí ọyẹ́ bá ti dé, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ síta, wọ́n á máa nu ewé ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa kà á bí wọ́n ṣe ń nù ún. Bàbá Ràmọ́nì, tí wọ́n jọ ń lọ sí mọ́sáláṣí, á ní, "Jímọ̀, ọjọ́ wo lẹ máa rì wá bọmi?" Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín o. Mo kórìíra àwọn àpótí yẹn. Mo sọ fún wọn lójúkorojú pé kí wọ́n jẹ́ kí n fi dáná, pé ìwé àwọn tó lé yín bí ajá lẹ ń nù bí ojú ọmọ tuntun. Wọ́n ní, "Wo bí ọwọ́ bàbá mi ṣe gún lórí ìwé, Waheedat."

Ìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì wá fẹ́ pé ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n rántí pé àwọn ní ìwé. Wọ́n rán akọ̀wé wọn, Dayọ̀ Akíntọ́lá, sí wa. Ọ̀dájú ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ dùn bí oyin! Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, ó ń pe "Bàbá, Bàbá." Ó ní ìwọ, ọmọ Pásítọ̀ Rótìmí Abọ́dúnrìn, ti fọwọ́ sí i lórí fóònù pé kí àwọn wá kó ìwé. Àbí o ò fọwọ́ sí i? Ohun tí o ò fọwọ́ kàn rí, tí o ò lé ikán kúrò lára rẹ̀ rí, lo fi tọrẹ láti Àkúrẹ́. O ò tilẹ̀ pe àbúrò bàbá rẹ kí o ní, "Bàbá, mo fẹ́ ṣe báyìí."

Bàbá mi ò bínú. Wọ́n ní kí Dayọ̀ kó o, ìwé ìjọ ni. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n tọrọ. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi gbé e sórí tábìlì níwájú ìjọ, kí ẹ sì sọ pé ọmọ Pásítọ̀ Abọ́dúnrìn ló gbé e wá. Kí wọ́n pè mí ní ọmọ bàbá mi nínú ilé yẹn, lẹ́ẹ̀kan péré, kí n tó kú." Dayọ̀ ní, "Ṣé ìyẹn nìkan ni? Ẹ ti gbà á tán, Bàbá." Ọjọ́ náà gan-an ló kó àwọn àpótí lọ, ó ní àwọn fẹ́ lọ tò ó, pé wọ́n á gbé ọ̀kan lé Bàbá mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ ayẹyẹ.

Mo rán agbádá gíńnì funfun fún wọn. Wọ́n ní kí n tún ìṣẹ́tí rẹ̀ ṣe, mo tún un ṣe, wọ́n ní ó ṣì ń wọ́lẹ̀, pé àwọn ò fẹ́ kọsẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á gbé àpótí ìjókòó dání, wọ́n á máa rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ìkòkò omi, wọ́n á yípadà, kí apá wọn má baà gbọ̀n lójú èèyàn. Arúgbó tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún! Mo dúró lẹ́yìn fèrèsé, mò ń wò wọ́n, mò ń ṣépè fún gbogbo yín nínú.

Sọ́ńdè ayẹyẹ pé, a dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Wọ́n ní iwájú kì í ṣe tiwa, àlejò pàtàkì ló máa jókòó síbẹ̀. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n fi wá sí, níbi tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ti ń wọlé. Nígbà tí a gbójú sókè, gbogbo ìwé ti wà lórí tábìlì níwájú, nínú gíláàsì, pẹ̀lú òdòdó, àwòrán Bàbá Àgbà lápá kan, ti bàbá rẹ lápá kejì. Kò sí nǹkan kan mọ́ tí ẹnikẹ́ni fẹ́ gbé. Dayọ̀ ń gba iwájú wa kọjá, ó ń wo òrùlé.

Wọ́n wá pe ẹbí Pásítọ̀ Abọ́dúnrìn. Bàbá mi ti fi ọwọ́ ti àga láti dìde. Orúkọ rẹ ni wọ́n pè, Tèmítọ́pẹ́. Wọ́n ní o wà ní Àkúrẹ́, o ò lè wá, pé kí ìjọ pàtẹ́wọ́ fún ọ. Àtẹ́wọ́ náà sì pọ̀. Wọ́n kọjá sí ètò tó kàn. Ọwọ́ Bàbá mi ṣì wà lórí àga. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ." Wọ́n ní, "Rárá, ó kù. Wọn ò tíì dé ọ̀dọ̀ mi."

Àfi bí Dayọ̀ ṣe gun orí pẹpẹ tòun ti bébà kan. Ó ní kí ìjọ wá gbọ́ bí àwọn baba ìgbàgbọ́ ṣe máa ń wàásù kí ayé tó kún fún pásítọ̀ elẹ́nu ṣúgà. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú àpótí mẹ́ta, ìwàásù Sọ́ńdè tí wọ́n lé Bàbá mi yẹn ló mú. Ó kà á, ó ń ju ọwọ́. Ó ka ibi tí Bàbá Àgbà ti pe ìyá mi ní ọmọ kèfèrí tó fi ojú fa ọmọ wòlíì lọ sí ọ̀run àpáàdì. Ìyá mi tó kú pẹ̀lú àdúrà lẹ́nu! Àwọn ará ibẹ̀ ń kígbe "Halelúyà." Obìnrin kan níwájú mi ń fò sókè. Mo ki ìborùn mi bọ ẹnu, mo fi eyín dì í mú.

Bó ṣe kù díẹ̀ kó parí, Dayọ̀ gbójú sókè, ó rí fìlà Bàbá mi. Ó húkọ́. Ó fi ìka sáré lórí bébà, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà."

Bàbá mi dìde. Wọ́n ní, "O fo ibì kan, ọmọ mi."

Dayọ̀ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Wọ́n tún un sọ. Gbogbo ìjọ yíjú sẹ́yìn. Bàbá mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á látorí, láìsí bébà, pẹ̀lú ohùn tí n ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí: "Láti òní lọ, èmi kò bí Sámúẹ́lì. Ẹ pa orúkọ Sámúẹ́lì rẹ́ kúrò nínú ìwé ìjọ. Ẹni tó bá pe Sámúẹ́lì ní ọmọ mi, ó bú mi. Bí mo bá kú, kí Sámúẹ́lì má ṣe dé ibi òkú mi." Wọ́n jókòó, wọ́n tún agbádá wọn tò sórí itan.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lápá òsì, n ò mọ ẹni náà, kí Ọlọ́run bá mi mọ̀ ọ́n. Pásítọ̀ ní kí ètò máa tẹ̀ síwájú, àwọn akọrin bẹ́ sórin. Géńdé méjì tó ń tọ́jú ẹnu ọ̀nà wá bá wa, wọ́n ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á rú." Wọ́n mú Bàbá mi lápá, wọ́n mú wọn jáde. Mo bá Dayọ̀ níta, mo bi í pé ṣé kò mọ̀ ni. Ó ní, "Ìtàn ni, màmá. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀, ẹ̀yin náà gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kígbe." Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo tutọ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, n ò sì tọrọ àforíjì.

Má pe Bàbá lórí fóònù láti wá sunkún sí wọn létí. Bó bá jẹ́ pé o lè wá, wá. Bí o ò bá lè wá, dákẹ́. Kí ọkọ rẹ fún mi, kí àwọn ọmọ, kí Mọ́mì dáadáa, sọ fún wọn pé n ò bá wọn jà. Ìwọ ni mò ń bá wí, torí ìwọ ni mo fẹ́ràn níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù tí n ò fẹ́ kọ. Nígbà tí a délé, mo pariwo mọ́ Bàbá mi. Mo ní àwọn èèyàn yẹn ti fo èpè náà, ojú ti tì wọ́n, kí ló wá dé tí ẹ fi ẹnu ara yín kà á sí ara yín lórí? Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. Wọ́n ní, "Waheedat, mo ti ka gbogbo ìwé inú àpótí yẹn, ti bàbá mi àti ti ẹ̀gbọ́n mi, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ nìkan ni orúkọ mi wà."

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí inú rẹ̀ ò tíì rọ̀,
Waheedat Jímọ̀.