Táyà Lọ́rì Lẹ́sẹ̀ Píkọ́ọ̀pù

Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù Keje, 1978

Ọwọ́ ọ̀tún mi wú débi pé bíírò ò fẹ́ dúró níbẹ̀. Eyín Rafiu, mẹkáníìkì mi, ló ṣe é.

Tírélà kékeré tí píkọ́ọ̀pù ògbólógbòó mi ń wọ́ kún fún àpò ìrẹsì láàárọ̀ yìí. Òkè tó wà lẹ́yìn Ìgbẹ́mọ la dé tí ẹ́ńjìnì kú, tí tírélà bẹ̀rẹ̀ sí í fà wá sẹ́yìn. Ìyàwó mi bẹ́ sílẹ̀ kó lè fi òkúta dí táyà. Díẹ̀ ló kù kí táyà gun orí rẹ̀.

A já ìdajì ẹrù sílẹ̀ ká tó lè gòkè. Nígbà tí mo dé Adó, mi ò kí Rafiu rárá.

"Ṣé o fẹ́ pa ìyàwó mi ni?"

Mo gbá a lẹ́nu. Mo tún gbá a. Mo gbé sípánà, àwọn èèyàn ló gbà á lọ́wọ́ mi.

Ó tutọ́ ẹ̀jẹ̀. "Tíṣà, ṣebí mo ní kí ẹ má fi táyà lọ́rì sí i? Ó ti tóbi jù, ẹ́ńjìnì ò ní lè fa ẹrù gòkè. Nígbà tí mo tún ní kí ẹ jẹ́ ká bọ́ ọ, ẹ ní àlùfáà ti gbàdúrà lé e lórí, pé ẹ ò lè bọ́ ọ mọ́."

Òótọ́ ni. Mo fẹ́ kí ìjọ rí i bí ọkọ̀ mi ṣe ga tó.

Ó dá àwọn táyà kékeré ti tẹ́lẹ̀ padà sẹ́sẹ̀ ọkọ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí rímù. Mo padà lọ kó àpò tó kù, ọkọ̀ sì gun òkè yẹn wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ìyàwó mi po ògì, ó ní kí n gbé e lọ fún Rafiu, torí kò ní lè jẹ nǹkan líle.

Ògì náà ti tutù níwájú mi.