Orúkọ tí Mo Fi Ti Ilẹ̀kùn Kọ̀ǹpútà Ọkọ Mi

Èmi, Susannah Àpìkẹ́ Fẹ̀hìntọlá, ọmọ Ògúnmọ́lá olóko obì, ìyàwó oṣù mẹ́jọ ní Iléṣà, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí. Orí mi pé, ẹnikẹ́ni kò sì tì mí sí i. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ni dókítà yóò ṣe iṣẹ́ abẹ sí gẹ̀gẹ̀ ọrùn mi ní Òṣogbo. Ó ní kí n má fòyà, àmọ́ ohùn mi lè má jáde fún ìgbà díẹ̀, ó sì lè má dà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo fi ọdún méjì lé e, ẹ bá mi fojú fo àṣìṣe. Mo ní ìrètí pé màá padà wálé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rìnrìn àjò a máa sọ ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí.

1. Àwọn méjì ni mo yàn láti mú ìwé yìí ṣẹ: ọkọ mi, àti Bọ̀dá Ọlágòkè ọ̀rẹ́ wọn. Màmá Julianah, olórí kíláàsì wa ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, ní orúkọ ọkọ mi gbọ́dọ̀ hàn nínú ìwé, nítorí náà àwọn ni wọ́n bá mi kọ ọ́ síbí: Akínkúnmi. Èmi ò lè kọ ọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sìn mí wá sílé ọkọ, orúkọ yẹn ò tíì gba ẹnu mi jáde. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ.

Mo mọ̀ pé àwọn méjèèjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti oṣù Keje. Ìdí tí mo fi yàn wọ́n pọ̀ nìyẹn.

2. Mo fi maṣíìnì ìránṣọ mi fún Dárasími àbúrò mi. Dárasími, abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ nígbà Kérésì, ìwọ lo ṣẹ́ ẹ, kì í ṣe ológbò. Mo ti dárí jì ọ́. Máa kán epo sí i.

3. Kí igi obì mẹ́ta tí bàbá mi fún mi padà sọ́wọ́ wọn. Bàbá, ẹ ní ọkùnrin tó ń ya ilẹ̀ onílẹ̀ sórí ìwé kò lè mọ iyì igi. Ẹ ò mọ̀ pé lọ́jọ́ tí a wá kí yín lóko, ọkọ mi wọn ìdí igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n yà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà wọn nílé, wọ́n sì kọ “Igi Àpìkẹ́” sí i.

4. Kí ìyá ọkọ mi gba akọ tòlótòló mi. Màámi, ẹ̀yin lẹ sọ pé ohùn mi kéré débi pé tòlótòló ló ń bá mi dá àlejò lóhùn. Mo rẹ́rìn-ín níwájú yín, mo sunkún díẹ̀ nídìí ààrò. Àgbàdo ni kí ẹ máa fún un, kì í jẹ gbágùúdá.

5. Kọ̀ǹpútà tó wà ní pálọ̀ kì í ṣe tèmi, n kò lè há a. Aṣọ ìbora rẹ̀ tí mo rán nìkan ni mo ní níbẹ̀, àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yìí ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bínú.

Ọ́fíìsì àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ní Òṣogbo ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, Ìdó-Ọ̀ṣun ni wọ́n sì ń sùn láti Mọ́ńdè títí di Fúráídè. Ilé ni gbogbo àwòrán wọn wà. Bọ̀dá Ọlágòkè ló gbé àpótí kékeré kan wá tí wọ́n ń pè ní móódẹ̀mù, wọ́n so ó mọ́ tẹlifóònù àti kọ̀ǹpútà. Bí ọkọ mi bá fi kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì pe ilé láti Òṣogbo, kọ̀ǹpútà á gbé ìpè náà, á béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé, bó bá bá a mu, á ṣílẹ̀kùn fún wọn bí ẹni pé wọ́n jókòó ní pálọ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n tan ẹ̀rọ, kí n má sì gbé tẹlifóònù tó bá dún.

Ní oṣù Keje, ẹ̀rọ náà ní òun fẹ́ ọ̀rọ̀ ìwọlé tuntun. Mo fi tẹlifóònù pe ọkọ mi ní ọ́fíìsì, wọ́n ní, “Kọ orúkọ mi síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó tán.” Mo ní, “Ẹ ṣeun, sà.” Mo jókòó, ìka mi dé orí lẹ́tà àkọ́kọ́, ọwọ́ mi kọ̀. Ó dà bíi kí n dúró ní gbangba ọjà kí n máa ké pè wọ́n bí ẹgbẹ́ mi. Orúkọ tí mo ń pè wọ́n nínú ọkàn mi ni mo tẹ̀. Ìràwọ̀ kéékèèké ló ń hàn dípò lẹ́tà, inú mi dùn pé kò sẹ́ni tó máa rí i. Mo rò pé bí ẹ̀rọ bá ti gba orúkọ kan, ó tán. N kò mọ̀ pé ohun tí mo fi tì í nìkan ló lè ṣí i.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ọkọ mi fi kan ilẹ̀kùn ilé ara wọn láti Òṣogbo, tí ẹ̀rọ ní òun ò mọ̀ wọ́n. Tẹlifóònù ń dún, mo jókòó tì í, n ò gbé e, bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe. Àwòrán ilẹ̀ oníbàárà kan kò dé lásìkò, iṣẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní Fúráídè, wọ́n ní àpótí Bọ̀dá Ọlágòkè ló bàjẹ́. Bọ̀dá Ọlágòkè ní, “Àpótí ò ṣe nǹkan kan, ọ̀rẹ́. Bi ilé rẹ léèrè.” Ọkọ mi ní, “Ìyàwó mi lò ń bá wí yẹn? Gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò ní pálọ̀ mi!” Mo wà lẹ́yìn kọ́tìnnì pẹ̀lú àwo ọbẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ń gbèjà mi, èmi tí mo jẹ̀bi, n kò sì lanu.

6. Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi ni mo há fún Bọ̀dá Ọlágòkè, lórí orúnkún mi méjèèjì. Àpótí yín wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ti nù ún. Ìpín kẹfà yìí àti ìkeje kò dúró de ikú mi: Màmá Julianah yóò fi ìwé yìí lé ẹ̀yin méjèèjì lọ́wọ́ ní Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn. Bọ̀dá, ẹ bá wa so àpótí náà padà lọ́jọ́ yẹn.

7. Ọkọ mi ni mo fi kọ́kọ́rọ́ náà sílẹ̀ fún. Òun nìyí: Adúmáadán. Lẹ́tà kékeré ni gbogbo rẹ̀, láìlámì. Ojú ń tì mí, àmọ́ mo ti kọ ọ́.

Bí mo bá wà lọ́dọ̀ dókítà ní Mọ́ńdè, ẹ má jókòó máa wo ògiri. Kí ẹ̀yin méjèèjì jọ lọ sí ọ́fíìsì, kí ẹ pe ilé. Dárasími yóò tan ẹ̀rọ, kò sì ní gbé tẹlifóònù. Lẹ́tà kan tí mo kọ sí ọkọ mi wà nínú kọ̀ǹpútà náà, ìka kan ni mo fi tẹ̀ ẹ́ fún ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta. Kí Bọ̀dá Ọlágòkè yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí ẹ bá ń kà á.

Ọkọ mi, bí ohùn mi bá padà, kí n tó béèrè omi, orúkọ yẹn ni màá kọ́kọ́ fi pè yín. Bí kò bá padà, ibikíbi tí ẹ bá wà, ẹ pe ilé, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Á ṣí. Èmi ni mo dá yín lóhùn yẹn.

Mo fọwọ́ sí i ní Iléṣà, Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá, ọdún 1998.

Susannah Àpìkẹ́ Fẹ̀hìntọlá

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Julianah Bọ́lárìnwá, olórí kíláàsì.
Mùtàlíbù Àjàdí, télọ̀, aládùúgbò wa. Télọ̀ ní àwọn ò ka inú rẹ̀, àwọn kàn rí i pé ọwọ́ mi kò gbọ̀n.