Ìlà Èédú Ara Ògiri

Nyamthana, etí odò Shire,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Limbikani, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ láti orí ẹní tí mo tẹ́ síwájú ilé wa. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ìlera, kí oúnjẹ máa dùn lẹ́nu rẹ, kí o sì máa rí oorun sùn. Èmi ń bẹ, àfi orúnkún mi tí ọ̀rinrin ń dà láàmú. Enifa àbúrò rẹ ti bọ́ lọ́wọ́ ibà, ṣùgbọ́n kò tíì máa rẹ́rìn-ín. Nyika là ń jẹ, gbòǹgbò òṣíbàtà tí à ń wà lábẹ́ omi, nítorí àgbàdo ti tán. Mo pè ọ́ lórí fóònù títí, o kò gbé e. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

A sin bàbá kékeré rẹ, Saizi, sórí òkè lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, torí ibi tí a sin bàbá rẹ sí ṣì wà lábẹ́ omi. Àwọn apẹja ló rí òkú Saizi láàárín koríko. Ojú ọ̀nà ni gbogbo wa ń wò, à ń retí rẹ. Bí wọ́n ṣe ń da erùpẹ̀ bò ó, ẹnì kan sọ lẹ́yìn mi pé, "Ẹni tó fi rúlà pa á ò tiẹ̀ wá wò ó." Mi ò wẹ̀yìn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ti dé etí rẹ ní Zomba níbi tí o wà, òun ló sì dí ọ lọ́nà.

Ìwọ náà rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. O wálé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, o bi àwọn àgbà bí àgbàdo ṣe ń pọ̀ tó lọ́dọọdún, o sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òjò tí wọ́n ń wọ̀n ní ilé ẹ̀kọ́. Ọdún kọ̀ọ̀kan di àmì dúdú kan lórí ìwé. Èyí tó bá sún sí ọ̀tún, òjò rẹ̀ pọ̀. Èyí tó bá gòkè, àgbàdo rẹ̀ pọ̀. Wọ́n fọ́n ká bí eṣinṣin tó bà sórí ẹja, síbẹ̀ apá kan náà ni gbogbo wọn ń gòkè sí. O wá fi rúlà fa ìlà kan gba àárín wọn. Saizi ní, "Dókítà òjò, ṣé ìlà rẹ yìí ń jẹ nsima?" O ní, "Bàbá kékeré, òun ló máa fún yín ní nsima jẹ." Òkèlè nsima àná la fi lẹ ìwé náà mọ́ ògiri pálọ̀, a sì rẹ́rìn-ín títí.

Àwọn ọdún kan ò ní àmì níbẹ̀. O mọ àṣà wa: ọdún tí odò bá gbé ènìyàn lọ, a kì í ka agbọ̀n àgbàdo. Ẹni tó bá kà á, bí ẹni tó ń jẹ èrè òkú ni. Àwọn àgbà fo ọdún wọ̀nyẹn nígbà tí o béèrè, ìwọ náà sì fò wọ́n. Kò sẹ́ni tó purọ́ fún ọ. Ọ̀fọ̀ ló pa wá lẹ́nu mọ́.

Ohun tí o kò mọ̀ nìyí, òun ni mo sì tìtorí rẹ̀ kọ̀wé. Lẹ́yìn tí o padà, rédíò kéde pé òjò ọdún yìí máa ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Saizi wá wo ìwé rẹ, ó rí i pé irú òjò bẹ́ẹ̀ ti kọjá etí ìwé. Ó bá mú èédú nínú ààrò mi, ó fa ìlà náà jáde sára ògiri, ó fà á dé ẹ̀bá fèrèsé. Mo ní, "Ọkọ mi, Limbi sọ pé ibi tí kò bá ti sí àmì, òun ò mọ ibẹ̀ o." Ó ní, "Màmá Limbi, ọ̀nà tó ti ń gòkè láti àárọ̀, ṣé ẹnu fèrèsé yín ló ti máa wá sọ̀ kalẹ̀?" Ó kó gbogbo irúgbìn rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ àbàtà etí odò, níbi tí omi ti pọ̀ jù, ó pa àtíbàbà síbẹ̀ nítorí àwọn erinmi, ibẹ̀ ló sì ń sùn. Ibẹ̀ ni omi bá a.

Lẹ́yìn ìsìnkú, baálẹ̀ pè wá jọ. Àwọn kan ń sọ pé kí o má wọ ìlú mọ́. Felesita, ìyàwó Saizi, dìde, ó gbé agbọ̀n ọkọ rẹ̀ síwájú baálẹ̀. Ó ní, "Ẹ kà á." Baálẹ̀ ní, "Ìyá, ọdún ọ̀fọ̀ nìyí." Felesita ní, "Ká ní ẹ ka ti ọdún tí odò gbé ìyá mi lọ ni, ọmọ yẹn ì bá rí ibi tí ìlà náà ti ń sọ̀ kalẹ̀, ọkọ mi ì bá sì wà nílé tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ kà á. Òfo náà níye." Baálẹ̀ ki ọwọ́ bọ agbọ̀n, ó yọ ọ́, ó ní, "Òfo." Lẹ́yìn náà ni àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn ọdún tí wọ́n ti fò, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, pẹ̀lú omijé.

Yohane ọ̀rẹ́ rẹ sọ fún Enifa pé o ti kó ìwé rẹ sínú àpótí, pé o kì í jáde, o kì í sì í jẹun. Ọmọ mi, ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò lè sọ pé ọwọ́ rẹ mọ́, mi ò sì lè sọ pé kò mọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Saizi ló ń gbé ọ lé èjìká sọdá odò lọ sílé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn ikú bàbá rẹ, kò sì yẹ kí wọ́n gbá àgbàlá rẹ̀ láti parí ọ̀fọ̀ lọ́jọ́ ìrántí kí o má sí níbẹ̀. Mo ti sin ọkọ, mo ti sin ọkọ kékeré. Má ṣe jẹ́ kí n tún máa wá ìwọ tó o wà láàyè.

Kí Olúwa pa ọ́ mọ́ nínú yàrá tí o tì mọ́ra rẹ. Kí ilẹ̀kùn náà má le ju ọwọ́ rẹ lọ.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń wo ojú ọ̀nà,
Melifa.

Àfikún: Omi wọ pálọ̀. Ó ti gbé ìwé rẹ lọ. Nsima tí a fi lẹ̀ ẹ́ nìkan ló kù, èèrà sì ń jẹ ẹ́. Ìlà èédú ṣì wà níbẹ̀, ẹrẹ̀ sì fa ìlà tirẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ gbọọrọ. Felesita ní kí n má tíì fi amọ̀ rẹ́ ògiri náà. Ó ní kí o wá fi àmì ọdún yìí síbẹ̀, nísàlẹ̀ pátápátá.