Mò Ń Lọ Gba Ìtọ́jú, Mi Ò Rìnrìn Àjò

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò mí láṣìírí, ẹ má dárúkọ mi.

Télọ̀ ni mí. Látìgbà tí mo ti bí àbíkẹ́yìn mi ni oorun ti dá lójú mi, tí mo sì ń gbọ́ ohùn tó ń bú mi láìrí ẹnì kankan. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, mò ń wọ ilé ìwòsàn àdáni tí wọ́n ti ń tọ́jú ọpọlọ. Wọn kì í gba aṣọ olókùn wọlé, kí aláìsàn má baà fi okùn ṣe ara rẹ̀ léṣe, ni mo bá yọ okùn gbogbo ṣòkòtò mi.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ní, “Ìyàwó wa, ká kúkú sọ pé o rìnrìn àjò.”

Mo ní, “Rárá, mà. Mi ò jalè, àìsàn ló ń ṣe mí.”

Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n sọ fún àkọ́bí mi, ọmọ ọdún méje, tí àyà rẹ̀ kò fi ní já? Mi ò ní purọ́ fún un.