Àánú Àlájì Kò Dé Kóòtù

Hayin Dogo, Zaria
Oṣù kẹta, 1978

Ọmọ́bísí ọmọ mi,

Mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Ara ìyá rẹ ti ń yá, ẹsẹ̀ nìkan ló kù.

Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá tí wọ́n dá fún Túbọ̀sún àbúrò rẹ, nítorí alùpùpù Àlájì tó jí, ti pọ̀ jù. Lọ́yà wa sọ pé kóòtù gíga lè dín in kù bí a bá pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ sí ìdájọ́. Mo ní kó dúró, ká kọ́kọ́ bẹ Àlájì. Àwa àgbà dọ̀bálẹ̀ títí. Lọ́jọ́ kẹrìndínlógójì, Àlájì ní, "Na yafe," òun ti dárí jì wá. A yọ̀. Lọ́yà ní ọgbọ̀n ọjọ́ ti kọjá, ìdáríjì Àlájì kò sì lè dín ẹ̀wọ̀n kù.

Ọlọ́run á ṣọ́ ilé rẹ. Fi ẹ̀wù òtútù ránṣẹ́ sí Túbọ̀sún lẹ́wọ̀n. Bí o bá kọ̀wé, jọ̀ọ́, má sọ fún un pé èmi ni mo ní kí lọ́yà dúró.

Bàbá rẹ